Rọ̀kíbátù àti Akéde Ìkòròdú

Rọ̀kíbátù ni ìyá tó bí ìyá mi. Ẹja ló ń yan tà, ó sì máa ń kólòlò. Ohun méjèèjì yìí ni ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ nípa rẹ̀. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àgàgà tí inú bá ń bí i, ọ̀rọ̀ á há sí i lẹ́nu, á di ojú, á fi ọwọ́ gbá itan kó tó rí i tì jáde. Àwọn aláàánú a máa bá a parí rẹ̀. Kò sí ohun tó kórìíra tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi sí òun lẹ́nu kì í ṣe èyí tó wà nínú òun rárá.

Èkó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ti lọ́kọ. Súbérù, ọkọ rẹ̀, apẹja ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun òyìnbó yìnbọn lu Èkó tí iná ń ran láti òrùlé dé òrùlé, àwọn méjèèjì kó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò wọn. Ìyá mi, Mùnírátù, wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, wọn kò tíì já a lẹ́nu ọmú. Wọ́n tukọ̀ lọ sí ìlà oòrùn lórí ọ̀sà, wọ́n ń wẹ̀yìn wo èéfín títí wọn kò fi rí i mọ́. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gúnlẹ̀ sí.

Àwọn onílé gbà wọ́n, wọ́n fún wọn nílẹ̀ létí omi. Wọ́n jọ ń kírun, wọ́n jọ ń ná ọjà, ṣùgbọ́n ọdún gorí ọdún, orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n kò yí padà. Ará Èkó ni wọ́n. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ẹ̀pẹ́ gan-an, ará Èkó ni.

Rọ̀kíbátù mọ ààrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹja tí ọkọ rẹ̀ ń pa. Igi ẹ̀gbà tó ń hù létí ọ̀sà ló fi ń dáná, kì í sì í kánjú kó ẹja kúrò lórí iná. Ẹja ọ̀bọ̀kún rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ tó pọ́n dáadáa. Òun àti Mùlíkátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn fara kan ara, ni wọ́n jọ máa ń kó agbọ̀n ẹja sínú ọkọ̀, wọ́n á sùn sí Agbówà lọ́nà, wọ́n á sì gúnlẹ̀ sí Ìpakodò, níbi tí àwọn aláàárù ti ń dúró de ẹrù tó ń lọ sí ọjà Ìkòròdú. Ọjà ibẹ̀ dára fún wọn. Àwọn oníbàárà a máa bi ara wọn pé, ṣé àwọn ìyá Ẹ̀pẹ́ ti dé?

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, nígbà tó kù díẹ̀ kó di ọdún 1860, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn abà kan lẹ́yìn Ìkòròdú. Ó pa àwọn ọmọdé, ó sì gbẹ́ ojú àwọn tí kò pa. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà wọlé.

Ọkọ̀ àwọn Rọ̀kíbátù gúnlẹ̀ sí Ìpakodò lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà bó ṣe máa ń ṣe. Mọ́ṣúdù, olórí àwọn aláàárù èbúté, ọkùnrin tó ti ṣe ẹrú rí kó tó ra ara rẹ̀ padà, máa ń sáré pàdé wọn. Lọ́jọ́ náà, ó dúró lókèèrè.

“Ìyá Mùnírátù, ẹ má bínú,” ló wí. “A ò lè ru ẹrù yín.”

“Kí... kí ló dé?”

“Akéde ti ké e lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ra ẹja lọ́wọ́ ará Èkó tó ń gbé Ẹ̀pẹ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ gbé ìgbóná wọ̀lú. Aláàárù tó bá fọwọ́ kan agbọ̀n yín, wọn ò ní jẹ́ kó ru ti ẹlòmíì mọ́.”

“Ta ló rán akéde?”

Mọ́ṣúdù wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. “Ta ló ń bi akéde ní irú ìyẹn?”

Kí ẹ mọ̀ pé ní ayé ìgbà náà, akéde ni gbogbo ìròyìn wa. Ohun tó bá fi agogo ké, òun ni ìlú gbọ́. Ohun tí kò bá ké, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ni.

Obìnrin méjèèjì ru ẹrù wọn fúnra wọn. Bí wọ́n ṣe wọ ọjà, ọ̀nà ń là fún wọn, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń là á. Wùnmí, ìyàwó àgbẹ̀ kan ní Ìtamaga, tó ti ń ra ẹja lọ́wọ́ Rọ̀kíbátù láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá, fi etí gèlè bo imú.

“Wùnmí, èmi náà nìyí,” ni Rọ̀kíbátù wí.

“Mo mọ̀, ìyá. Kì í ṣe èmi. Akéde ló ké e.”

Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì kọjá. Ìyá mi sọ fún mi pé nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ tí Wùnmí fà mọ́ra yẹn ló dun ìyá òun jù. Wọ́n ru ẹja padà sí Ìpakodò, wọ́n tún tù ú padà sí Ẹ̀pẹ́. Ẹja yẹn ni gbogbo ilé jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, títí àwọn ọmọ fi ń sunkún tí wọ́n bá rí i nínú ọbẹ̀.

Àwọn ará Èkó pe ìpàdé níwájú mọ́ṣáláṣí. Lùkúmàn, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò bẹ̀rù ogun, ní kí àwọn kó ìbọn lọ bá wọn ní Ìkòròdú. Àwọn àgbà ní kó jókòó. Súbérù ní ọjà Ẹ̀jìnrìn ṣì wà, kí wọ́n máa kó ẹja lọ síbẹ̀.

Rọ̀kíbátù dìde láàárín àwọn obìnrin. “Èyí tí wọ́n ké ní Ìkòròdú lónìí, àwọn ọlọ́jà á gbé e... á gbé e dé Ẹ̀jìnrìn lọ́la. Níbo la tún máa lọ lẹ́yìn ìyẹn?”

“Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?” ni ọkọ rẹ̀ bi í.

“Kí akéde ké tiwa náà.”

Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan ní láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, òun kò gbọ́ pé akéde ìlú kan ké ọ̀rọ̀ àlejò. Rọ̀kíbátù kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì jáde kúrò níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Kúbúrá ló gbà lọ.

Kúbúrá jẹ́ ọmọ onílé ní Ẹ̀pẹ́, àgbàlagbà obìnrin tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń pẹja nínú ọ̀sà kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ àwọn Rọ̀kíbátù níbẹ̀. Òun náà ń ta ẹja ní Ìkòròdú. Akéde kò dárúkọ irú tiwọn, nítorí náà ọjà tirẹ̀ ti gbèrú láti ìgbà tí wọ́n ti lé àwọn ará Èkó. Rọ̀kíbátù mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ẹ bá mi lọ, ìyá. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kò sí ìgbóná lọ́dọ̀ wa.”

Kúbúrá ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń ṣa ẹ̀gún kúrò lára ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ṣé o mọ̀ pé èmi ni mò ń jèrè ọ̀rọ̀ yìí?”

“Mo mọ̀.”

“Ṣé o mọ̀ pé tí mo bá lọ, wọ́n lè lé èmi náà?”

“Mo mọ̀ ọ́n, ìyá.”

“O mọ gbogbo ẹ̀, o sì wá.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Ọkọ ẹ ló ń pa ìdajì ẹja tí mò ń tà. Mo sì ń jókòó sọ́jà, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń bú yín, mi ò fọhùn. Kò jẹ́ kí oúnjẹ máa dùn lẹ́nu mi. Ìgbà wo la ń lọ?”

Mùlíkátù bá wọn lọ. Ilé akéde ni wọ́n kọ́kọ́ lọ nígbà tí wọ́n dé Ìkòròdú. Òdúkọ̀yà ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni pé inú àmù ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó kí wọn dáadáa, ó fún wọn lómi mu, ó sì gbọ́ ẹjọ́ wọn.

“Èmi ò ní yín sínú,” ló wí. “Àwọn ẹlẹ́ja ìlú ló rán mi. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìlú ló lè rán mi níṣẹ́. Ẹ̀yin ò lè rán mi.”

“Ṣùgbọ́n wọ́n lè rán ọ sí wa?” ni Kúbúrá bi í.

Òdúkọ̀yà fi ọwọ́ họ orí. “Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ìyá. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ọjà ni kí ẹ gbà lọ.”

Àwọn àgbà ọjà máa ń jókòó lábẹ́ igi ọ̀dán kan lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà kí èrò tó pọ̀. Bàbá Òdúbẹ̀lá ni olórí wọn, arúgbó tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Efúnṣadé, olórí àwọn ẹlẹ́ja ìlú. Kò pẹ́ tí èrò fi rọ̀gbà yí wọn ká. Àwọn aláàárù Ìpakodò náà wá, wọ́n dúró lẹ́yìn pátápátá.

Efúnṣadé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìgbóná ti pa ọmọ ọmọ òun. Ó ní kí àwọn àlejò yìí tó máa wá, kò sí irú rẹ̀ rí. Nígbà tó ń sọ ti ọmọ yẹn, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ọ̀pọ̀ obìnrin sì sunkún. Rọ̀kíbátù pẹ̀lú sunkún.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Rọ̀kíbátù sọ tirẹ̀. Ó dìde. Ọ̀rọ̀ há. Ó di ojú, ó gbá itan, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín náà sì ran àwọn mìíràn. Àánú ṣe Òdúkọ̀yà akéde.

“Ohun tó ń gbìyànjú láti sọ,” ló fi ohùn ńlá rẹ̀ wí, “ni pé kí ẹ dárí jì wọ́n.”

“Rá... rárá!” Ọ̀rọ̀ yẹn jáde bí òkò. “Mi ò tọrọ àforíjì. Ẹ... ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi!”

Òdúkọ̀yà wo ilẹ̀. Bàbá Òdúbẹ̀lá gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀,” ló wí. “Tó bá máa pẹ́, kó pẹ́.”

Ó pẹ́ lóòótọ́. Oòrùn ti kúrò lórí igi ọ̀dán kó tó jókòó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún bá a sọ ọ́.

“Kò sí ẹnì kan tí ìgbóná ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́,” ló wí. “Ẹ rán èèyàn kó lọ wò ó. Ìyá Efúnṣadé, ikú ọmọ yẹn dùn mí, mo sì mọ ohun tí ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló gbé mi wá. Ẹ gbé orúkọ wa lé agogo, ẹ gbé e káàkiri ìlú, ẹ ò sì ránṣẹ́ sí wa rí pé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹni tí ẹ bá mú pé ó jalè, ẹ máa ń bi í pé, ṣé ìwọ lo jí i? Àwa ò rí ẹni bi wá. Ojú ọjà la ti gbọ́ ẹjọ́ wa, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a tán.”

Kúbúrá dìde tẹ̀lé e. Ó gbé ẹja kan jáde nínú agbọ̀n rẹ̀, ó nà án sókè.

“Ẹ ti rà á lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí akéde ti ké,” ló wí. “Ọkọ obìnrin yìí ló pa á. Ẹja kan náà ni. Tí mo bá tà á, oúnjẹ ni. Tí òun bá tà á, àrùn ni. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.”

Kùn, kùn, kùn ni èrò ń ṣe. Láti ẹ̀yìn, ẹnì kan ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Mọ́ṣúdù aláàárù ni. Kì í ṣe ibi tí irú rẹ̀ ti ń fọhùn, àwọn tó wà níwájú sì ń wojú ara wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Òdúbẹ̀lá ní kó máa bọ̀.

“Nígbà òjò tó kọjá, agbọ̀n obì kan sọnù,” ni Mọ́ṣúdù wí. “Akéde ké e pé àwa aláàárù la jí i. Wọ́n na méjì nínú àwọn èèyàn mi. Nígbà tó yá, wọ́n rí obì náà nínú yàrá olóbì fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ké ìyẹn. Títí di òní, tí a bá kọjá, àwọn obìnrin máa ń fa igbá wọn mọ́ra.”

Olóbì náà wà níbẹ̀. Kò lè sẹ́.

Àwọn àgbà fi orí korí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Bàbá Òdúbẹ̀lá ní kí akéde má ké ọ̀rọ̀ ẹja náà mọ́, ó parí. Mùlíkátù ti kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Rọ̀kíbátù kò kúnlẹ̀.

“Bàbá, kò tíì parí. Àwọn tó ti gbọ́ ọ, ta ni... ta ni yóò yọ ọ́ kúrò létí wọn? Ẹnu tó ké e ni kó ké èsì wa. Agogo kan náà. Ibi gbogbo tó ti ké ti àkọ́kọ́.”

“Ọ̀rọ̀ àlejò kò gorí agogo yìí rí,” ni Òdúkọ̀yà wí. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń jà. Ó ń rán wọn létí ni.

Arúgbó náà yíjú sí i. “Orúkọ wọn ti gorí ẹ̀. Ìgbà tí a gbé e gun orí ẹ̀, ṣé a rántí pé àlejò ni wọ́n?”



Lábẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti ṣe òfin náà. Láti ọjọ́ náà lọ, akéde kò gbọdọ̀ ké ọ̀rọ̀ tó kan àwọn èèyàn kan, ìbáà ṣe àlejò, ìbáà ṣe aláàárù, ìbáà ṣe ẹrú tó wà lóko, láìjẹ́ pé wọ́n ti pè wọ́n kí wọ́n wá gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá sì ní èsì, akéde gbọ́dọ̀ ké e pẹ̀lú. Ti obì náà, kí wọ́n ké e kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn àgbà tún yan ìránṣẹ́ tí yóò lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ wo ara àwọn èèyàn, ohunkóhun tí wọ́n bá sì rí, kí akéde ké e bẹ́ẹ̀.

“Kí ni kó ké fún yín?” ni Bàbá Òdúbẹ̀lá bi Rọ̀kíbátù.

Ó sọ ọ́ sí Òdúkọ̀yà létí díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ orí sílẹ̀, kò kánjú, kò sì bá a parí ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí àárín ọjà, ó lu agogo.

“Ẹ gbọ́ o! Àwọn ará Èkó tó ń gbé Ẹ̀pẹ́ ní kí n kí yín! Wọ́n ní kò sí ìgbóná lọ́dọ̀ àwọn! Wọ́n ní àwọn bá ẹni tí ọmọ kú fún kẹ́dùn! Wọ́n ní ẹja àwọn nìyí, ọwọ́ àwọn nìyí, ẹ wá wò ó! Àwọn àgbà ọjà ti gbọ́ tẹnu wọn!”

Rọ̀kíbátù ru agbọ̀n ẹja rẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n jọ la ọjà já, wọ́n jọ dé Ìtamaga, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú ohùn tó kún fún agbára yẹn, ojú ń rọ̀ ọ́ lómi. Ní ẹnu ọ̀nà ilé kan, Wùnmí jáde, ó dúró tì. Nígbà tí akéde ké tán, ó wọlé, ó gbé igbá rẹ̀ jáde, ó sì ní kí wọ́n mú ọ̀bọ̀kún tó tóbi jù fún òun. Ọmọ rẹ̀ ló gba ẹja náà lọ́wọ́ Rọ̀kíbátù.

Ìpakodò ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Agogo akéde kò débẹ̀ rí tẹ́lẹ̀, àfi tó bá fẹ́ bá àwọn aláàárù wí. Òdúkọ̀yà ké ti ẹja, ó ké ti obì, ó sì dárúkọ àwọn aláàárù tí wọ́n nà láìṣẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin yẹn ju òṣùká wọn sókè. Wọ́n gbé Mọ́ṣúdù lé èjìká, wọ́n fẹ́ gbé Rọ̀kíbátù náà, ó ní kí wọ́n má dán an wò, àfi tí wọ́n bá fẹ́ bá òun bọ́ sínú ọ̀sà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Àwọn ìránṣẹ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọn kò rí ojú kan tí ìgbóná gbẹ́. Akéde ké ìyẹn pẹ̀lú. Kí ọyẹ́ tó lọ, Efúnṣadé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́. Òun àti Rọ̀kíbátù jókòó ti ààrò títí oòrùn fi rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ tó kú, Rọ̀kíbátù sì kọ́ ọ bí òun ṣe ń fi igi ẹ̀gbà yan ọ̀bọ̀kún.

Nígbà tí ọ̀nà Èkó là padà, àwọn kan padà sílé. Rọ̀kíbátù àti Súbérù kò lọ. Ní ọdún 1865, ogun dé bá Ìkòròdú, àwọn obìnrin àti ọmọ sá wá sí Ẹ̀pẹ́ nínú ọkọ̀. Kò pẹ́ tí àwọ̀n ẹnì kan fi sọnù, wọ́n sì fẹ́ rán akéde Ẹ̀pẹ́ kó ké e pé àwọn tó sá wá yẹn ni olè. Rọ̀kíbátù gbọ́. Ó fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ó lọ dúró sí ojú ọ̀nà akéde, ó ní kò níí kọjá àfi tó bá kọ́kọ́ bi àwọn tó sá wá náà. Ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà ju bó ṣe máa ń há lọ. Akéde fi agogo sílẹ̀, ó sì dúró dè é títí ó fi sọ ọ́ tán. Àwọn àgbà Ẹ̀pẹ́ pe àwọn obìnrin Ìkòròdú wá, wọ́n fún wọn níjòókòó, wọ́n ní kí wọ́n sọ tẹnu wọn.